Ìṣọ́ra-ẹni láàrin Àwọn Àgbà tí Àárẹ̀ Ọkàn Ń Bá Jà: Àpẹẹrẹ Àdúgbò Ṣàngó ní Ìbàdàn

Ìfáàrà

Bí aládùúgbò bá sọ fún àgbàlagbà pé, 'Ẹ ti sanra o,' ọ̀rọ̀ ìyìn ni. Ṣùgbọ́n lára ẹni tí àárẹ̀ ọkàn ń bá jà, ohun tí a rí yẹn lè jẹ́ omi. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí irú àgbà bẹ́ẹ̀, ní àdúgbò bíi Ṣàngó, ṣe lè máa ṣọ́ ara rẹ̀ nílé.

Ohun tí àárẹ̀ ọkàn jẹ́

Àárẹ̀ ọkàn tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọkàn ti dáwọ́ dúró. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, nínú èyí tí ọkàn kò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bí ó ti yẹ. Omi a sì máa dúró sí ẹsẹ̀, ikùn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ìwádìí THESUS-HF, tí a tẹ̀ jáde ní 2012, yẹ aláìsàn 1,006 wò ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó gba ipò iwájú nínú àwọn ohun tí ó ń fà á.

Ìṣọ́ra ojoojúmọ́

Èkíní ni wíwọn ara ní òwúrọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, ṣáájú oúnjẹ, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá fi ohun tí ó ju kílò 2 lọ lé sí i láàrin ọjọ́ 3, kí a kàn sí dókítà. Níbi tí òṣùwọ̀n kò bá sí, kí a fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun: bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, omi ti dúró. Bàtà tí kò wọ ẹsẹ̀ mọ́, tàbí ìrọ̀rí kan tí ó di mẹ́ta kí oorun tó lè ṣeé sùn, àmì ni wọ́n.

Èkejì ni iyọ̀. A kì í fi iyọ̀ ro àmàlà. Ọbẹ̀ ni ó ń gbé e wọlé. Iyọ̀ pọ̀ nínú magí. Èròjà tí ń dá omi dúró nínú iyọ̀ sì wà nínú káún tí a fi ń se ewédú.

Ẹ̀kẹta ni oògùn. Àgbà mìíràn a máa fo oògùn amúnitọ̀ ní ọjọ́ ọjà, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n nínú ọkọ̀. Ó sàn kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òun lè lò ó nígbà tí òun bá padà délé. Kí ó má sì lo oògùn ara ríro bíi ibuprofen tàbí diclofenac láìbéèrè, nítorí wọ́n ń dá omi dúró sára. Bí mímí bá nira lójijì, kí a má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ilé-ìwòsàn UCH, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, kò jìnnà sí Ṣàngó.

Ipa olùkọ́

Àgbà tí kò mọ̀wé nílò ẹni tí yóò bá a kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ tí ó ti kọ́ ìyọkúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè rí i pé láti kílò 61 dé 64, mẹ́ta ni ó lé. Olùkọ́ ìṣirò lè fi èyí ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì.

Ìkádìí

Èdè wa ti ya sísanra sọ́tọ̀ kúrò lára wíwú. Ìdílé tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí lára àgbà wọn yóò tètè pe dókítà, kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí.