Ṣé òótọ́ ni pé aáyù tútù ń wo irorẹ́? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fi pa ojú

Bí ẹ bá ń lo TikTok, tàbí tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹwà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pàdé irú fídíò yìí: ẹnìkan á bó awẹ́ aáyù méjì tàbí mẹ́ta, á gún un kúnná, á fún osàn wẹ́wẹ́ sí i, á fi pa ojú, á sì ní kí ẹ fi sùn di àárọ̀. Wọ́n ní irorẹ́ á lọ, àpá á parẹ́, làpálàpá á gbẹ, ojú á sì máa dán. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀, ohun àdánidá ni.

Ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mẹ́ta irú fídíò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ọ̀kan ní èdè Twi, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kẹta ní Yorùbá. Ọmọbìnrin tó fi ti Yorùbá ránṣẹ́ kò béèrè bóyá òótọ́ ni. Ó ti lò ó ná. Àwòrán ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló fi tẹ̀lé fídíò náà: awọ ibẹ̀ wú, ó ń dán bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i, ìléròrò kéékèèké sì ti yọ níbi tí irorẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ mi ni bóyá bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, tàbí kí òun fọ̀ ọ́ kúrò.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé kí ó fọ̀ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn gígùn ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ibi tí àhesọ yìí ti wá

Àhesọ náà kò ṣàdédé hù, ó ní gbòǹgbò. Aáyù tí a kò tíì gé kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Èròjà kan tó ń jẹ́ alliin wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀, òmíràn tó ń jẹ́ alliinase sì wà ní yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà tí ẹ bá gún un tàbí tí ẹ bá rin ín ni àwọn méjèèjì á pàdé, tí wọ́n á sì di allicin. Òun ló ń fa òórùn tó ń gba gbogbo ilé, òun náà sì ni ohun ìjà tí aáyù fi ń bá kòkòrò tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ jà.

Ní ọdún 1944, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Chester Cavallito àti John Hays Bailey, yọ allicin sọ́tọ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń pa bakitéríà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ló ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, títí kan fọ́ńgọ́ọ̀sì, èyí tó ń fa làpálàpá. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé aáyù lè pa kòkòrò àrùn kò parọ́.

Àmọ́ inú àwo yàrá àyẹ̀wò ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Omi tó ń hó náà ń pa kòkòrò àrùn, kò sì sẹ́ni tó ń dà á sójú. Allicin kì í yan ẹni tó máa bá jà: bó ṣe ń kọlu àwọn èròjà purotéènì tó wà lára bakitéríà, bẹ́ẹ̀ náà ló ń kọlu èyí tó wà nínú awọ ara wa. Irorẹ́ fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ bakitéríà nìkan. Òróró tí awọ ń sun, ihò ara tó dí, họ́mónù àti wíwú tí awọ ń wú, gbogbo wọn ló para pọ̀ di irorẹ́.

Ìwádìí kan wà tí àwọn tó ń ṣe fídíò yìí fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí, kò sì yẹ kí n fi pamọ́ fún yín. Ní 1996, àwọn olùwádìí ní Venezuela fún ènìyàn 34 tí fọ́ńgọ́ọ̀sì mú ní àtẹ́lẹsẹ̀ ní ìpara kan tó ní ajoene, èròjà tí wọ́n rí láti ara aáyù. Ara ènìyàn 27 nínú wọn yá lẹ́yìn ìtọ́jú ọjọ́ méje. Àwọn tó kù gbà á fún ọjọ́ méje sí i, ara tiwọn náà sì yá. Àbájáde rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n lò: èròjà kan ṣoṣo tí wọ́n yọ sọ́tọ̀, tí wọ́n wọ̀n ní ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n pò mọ́ ìpara, tí wọ́n sì fi pa ẹsẹ̀, níbi tí awọ ti nípọn. Aáyù tí ẹ gún nínú odó kò ní òṣùwọ̀n. Ẹ kò mọ bí allicin inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, awọ ojú kò sì lágbára bíi ti àtẹ́lẹsẹ̀.

Àwọn tí aáyù ti jó

Àwọn dókítà ní orúkọ fún ohun tó ṣe ọmọbìnrin yẹn. Wọ́n ń pè é ní jíjó aáyù, wọ́n sì ti ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1987, wọ́n jábọ̀ nípa ọmọ oṣù 17 kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n lẹ aáyù tí wọ́n pò mọ́ ìpara irú Vaseline mọ́ lára, lórí ìmọ̀ràn ẹnìkan tó ń fi ohun àdánidá ṣe ìtọ́jú. Ó jó ọmọ náà. Ní 1993, ọmọ oṣù mẹ́fà ni: wọ́n so aáyù gígún mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, ibẹ̀ sì bó bí ibi tí iná jó. Ní 2018, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa obìnrin ẹni ọdún 45 kan tó ń gé aáyù tútù lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí èékánná tó ń ṣe é. Kàkà kí èékánná san, ìléròrò ló yọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn sójà. Ní 2006, àwọn dókítà ní Ísírẹ́lì kọ nípa àwọn ọmọ ogun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi aáyù jó ara wọn kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Ohun tí ẹnìkan ń lò láti fi ṣe ara rẹ̀ léṣe ni ẹlòmíràn ń fi pa ojú kó lè dán!

Ohun tó ń mú jíjó náà burú ni àkókò àti ìdì. Bí aáyù bá ṣe pẹ́ tó lára, tí ẹ sì fi nǹkan bò ó, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe jó tó. "Fi sùn di àárọ̀" tí fídíò ń sọ ni apá tó léwu jù nínú rẹ̀. Bákan náà, dídán an wò lára apá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò tó láti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lójú láàárín wákàtí mẹ́jọ.

Yàtọ̀ sí jíjó, àwọn kan wà tí ara wọn kọ aáyù. Àwọn alásè tó ń bó aáyù lójoojúmọ́ máa ń ní in ní àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e, ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń di aáyù mú, kì í ṣe èyí tó mú ọ̀bẹ. Awọ ibẹ̀ á gbẹ, á máa sán, á máa yún. Bí ẹ bá lọ sí ọjà Kejetia níbí, ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń bó aáyù sínú ọ̀rá fún títà. Àwọn kan nínú wọn ń wọ ìbọ̀wọ́, kì í sì í ṣe torí òórùn nìkan.

Osàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fún sí i kò mú ọ̀rọ̀ náà dẹ̀. Omi osàn wẹ́wẹ́ ní èròjà kan tí oòrùn máa ń bá jà lára awọ. Ẹni tó bá fi pa ara tó sì jáde sínú oòrùn lè ní ìléròrò, kí ibẹ̀ sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá jó ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Nígbà tí awọ dúdú bá jó tàbí tó bá wú, ó sábà máa ń fi àbààwọ́n dúdú sílẹ̀, èyí tó lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó fẹ́ mú irorẹ́ kékeré kúrò á wá ní àmì tó tóbi ju irorẹ́ lọ. Ohun tó kàn ni pé á máa wá ìpara tó máa mú àmì náà kúrò, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ta ìpara bíbóra ti ń dúró dè é.

Kì í ṣe ewu kékeré. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana ti fòfin de ìpara tó ní hydroquinone. Ní ìparí 2018, àjọ kan náà kìlọ̀ fún àwọn aboyún tó ń lo oògùn glutathione kí ọmọ inú wọn lè pupa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n pò fúnra wọn ṣì wà lórí àtẹ, àwọn kan nínú wọn sì ní clobetasol, oògùn sitẹ́rọ́ìdì tó lágbára, tó ń mú awọ fẹ́lẹ́ tí ẹ bá ń lò ó láìsí dókítà.

Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn, bóyá ìdí nìyẹn tí n kì í fi í bá ẹni tó lo aáyù bínú. Oníṣègùn awọ ara kò pọ̀ rárá. Ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye tó wà ní Kumasi ń gba aláìsàn láti ibi púpọ̀, ẹni tó sì ní irorẹ́ lásán kò ní fẹ́ sọ ọjọ́ iṣẹ́ kan nù lórí ìlà. Aáyù wà nínú ilé, owó rẹ̀ kò wọ́n, ìyá àgbà náà sì lò ó. Ọ̀rọ̀ "àdánidá" ló wá ń dẹ́rù pa wá. Wèrèpè náà jẹ́ ohun àdánidá, ẹ kò sì ní fi pa ojú.

Èyí kì í ṣe bíbú àwọn tó ń fi ewé àti egbò ṣe ìtọ́jú. Ní Kumasi yìí kan náà, Yunifásítì KNUST ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ egbòogi títí dé ipele oyè dígírì. Òṣùwọ̀n àti bí a ṣe ń pò ó ló wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìyẹn gan-an sì ni fídíò aáyù kò ní.

Jíjẹ aáyù nínú ọbẹ̀ kò ní wàhálà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó máa jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu bí oògùn.

Bí ẹ bá ti fi pa ojú

Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn sí ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Omi ẹ̀rọ ni mo ń sọ, kì í ṣe yìnyín. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, òrí tàbí ẹyin sí i, ẹ má sì bẹ́ ìléròrò. Bí ó bá kan ojú tí ẹ fi ń ríran, tí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí ìléròrò bá pọ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Lẹ́yìn tó bá san, ẹ dáàbò bo ibẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn kí àmì náà má baà dúdú sí i.

Fún irorẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn nípa ìpara tó ní benzoyl peroxide. Ó máa ń gba tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ tó rí ìyàtọ̀ gidi, kò sì dùn ún ṣe fídíò. Clotrimazole ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí làpálàpá mú lára. Èyí tó bá wà lórí nílò oògùn mímu láti ọwọ́ dókítà.

Ọmọbìnrin tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi fọ̀ ọ́ kúrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìléròrò ti lọ, àmì dúdú ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún fi fídíò mìíràn ránṣẹ́, ti ọ̀dùnkún àti ọṣẹ ìfọyín. Lọ́tẹ̀ yìí, ó béèrè kó tó lò ó.