Alángbá Tí Ó Ṣe É Gbé Lọ́wọ́

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá tí ń rìn jẹ́jẹ́ ni ó fẹ́ kí ènìyàn gbé òun. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gà, ẹ̀rù a bà á, a la ẹnu, àwọ̀ rẹ̀ a sì ṣókùnkùn. Wíwò ni ó yẹ fún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin alángbá tí ó ṣe é gbé, kí ó wo méjì. Èkínní ni onírùngbọ̀n ti aṣálẹ̀ Ọsirélíà, tí awọ ẹlẹ́gùn-ún ọ̀fun rẹ̀ a máa wú bí irùngbọ̀n nígbà ìbínú. Ọ̀sán ni ó ń jẹun. A sì máa jókòó jẹ́ẹ́ lórí apá. Èkejì jẹ́ ìbátan ọmọńlé, alámì bí ẹkùn, láti ilẹ̀ Pakistan àti Afghanistan. Òru ni ó ń jáde. Bí wọ́n bá di ìrù rẹ̀ mú, ó lè já. Òmíràn yóò hù, ṣùgbọ́n kì yóò dà bí ti ìṣáájú.

Kí olùrà yan èyí tí wọ́n bí sínú ilé, kì í ṣe èyí tí wọ́n mú nínú igbó. Kí ó má ṣe gbé e láti òkè bí àṣá ti í gbé òròmọdìẹ. Kí ó ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ àyà rẹ̀.

Alángbá tí ara rẹ̀ le pàápàá lè ru kòkòrò Salmonella, tí í fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Kí ẹni tí ó gbé e fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wà, kí wọ́n má ṣe sin ín rárá.