Olùṣọ́ Tó Wà Nínú Bátìrì Lítíọ̀mù: Ẹ Bèèrè Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná àwọn tó wà ní Band A sì tún fò sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa kì í dárúkọ jẹnẹrétọ̀ mọ́. Sólà àti bátìrì lítíọ̀mù ni wọ́n ń fẹ́. A kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí ń ta ẹja yìnyín, aránṣọ, onígbàjámọ̀, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ iná ń dùn. Ṣùgbọ́n owó tí a ń yá jáde yìí, owó gbogbo wa ni, àwọn onígbọ̀wọ́ ló sì ń fọwọ́ sí i. Bí bátìrì bá kú kí gbèsè tó tán, gbèsè kì í bá a kú.

Nínú bátìrì lítíọ̀mù ni ohun pẹlẹbẹ kan wà tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ lára rẹ̀. BMS ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é. Olùṣọ́ bátìrì ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn tí ń ta bátìrì kì í sábà mẹ́nu bà á. Bí bátìrì ṣe tóbi tó àti iye ọdún tí yóò lò ni wọ́n máa ń sọ, wọn a sì fo èyí dá.

Bátìrì olómi tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ máa ń fara da ìyà. Lítíọ̀mù kò gba irú rẹ̀. Irú èyí tí a ń lò ní ilé àti ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tò léra wọn nínú rẹ̀, fólítì 3.2 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ló ń di fólítì 12.8, mẹ́jọ ń di 25.6, mẹ́rìndínlógún ń di 51.2. Sẹ́ẹ̀lì kankan kò gbọdọ̀ kọjá fólítì 3.65, kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 2.5 lọ. Ẹ gbọ́ ná: ọ̀kọ̀ọ̀kan la wí o, kì í ṣe àpapọ̀. Ẹ wò ó bí èsúsú. Bí ènìyàn mẹ́rìndínlógún bá ń dá a, tí ẹnì kan kò rí tirẹ̀ dá, ẹni tó kàn láti kó kò lè kó o pé, bó ti wù kí owó ọwọ́ àwọn yòókù pọ̀ tó. Olùṣọ́ ló ń wo ojú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá fẹ́ kọjá ààlà, á gé iná. Bí ooru bá pọ̀ jù, tàbí tí wáyà bá kan ara wọn, á gé e. Ẹni tó bá ní bátìrì òun kò nílò BMS nítorí pé ojúlówó ni, ẹ sá fún un.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ́ sílẹ̀ jù ni ámípíà, ìyẹn ìwọ̀n iná tí olùṣọ́ náà lè jẹ́ kí ó kọjá. Ìyá wa kan nínú ẹgbẹ́ tí ń ta ẹja yìnyín ra bátìrì fólítì 12 pẹ̀lú ínfátà wáàtì 3000. Fírísà mẹ́ta ni wọ́n ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó wáàtì 200. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa, àfi alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí ọmọ ilé ki áyọ́nù wáàtì 1000 bọ iná láti fi lọ aṣọ ilé-ìwé. Gbogbo iná kú pi. Kò sí iná ìjọba lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni oníṣẹ́ iná tó dé, ẹja sì ti bàjẹ́. Wọ́n ní bátìrì ti kú. Bátìrì kò kú. Ámípíà 100 ni olùṣọ́ inú rẹ̀ gbà. Ẹ fi 100 lọ́nà 12.8, ẹ ó rí wáàtì 1280. Fírísà mẹ́ta àti áyọ́nù jẹ́ 1600. Olùṣọ́ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni. Ẹni tó ta ínfátà 3000 mọ́ olùṣọ́ 1280 ló yẹ kí á bá wí.

Ìṣirò náà kò le. Ẹ fi fólítì bátìrì pín wáàtì ínfátà, kí ẹ sì fi bí ìdámẹ́wàá kún un fún èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Wáàtì 3000 lórí 12.8 ń sún mọ́ ámípíà 260. Lórí 51.2, bí 65 péré ni. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún oníṣọ́ọ̀bù tí ẹrù iná rẹ̀ pọ̀ pé kí ó má ra ti fólítì 12 rárá. Wáyà rẹ̀ á nípọn, á gbówó lórí, á sì máa gbóná. Ẹ rántí pẹ̀lú pé mọ́tò fírísà máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára olùṣọ́: èyí tó lè gbé títí, àti èyí tó lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tó tóbi ni wọn yóò fi hàn yín. Èyí tó lè gbé títí ni kí ẹ bèèrè.

Ohun tó tún bà wá lẹ́rù ni àwọn oníṣẹ́ iná tí ń yọ olùṣọ́ kúrò bó bá ti ń gé iná, tí wọn a so wáyà ní tààrà. Wọn a ní àwọn ti tún un ṣe. Òótọ́ ni pé LiFePO4 kì í tètè gbiná bí bátìrì inú fóònù, ṣùgbọ́n bí ó bá gba iná kọjá ààlà, á wú, á tú gáàsì tó lè gbiná jáde. Ta ni yóò sun yàrá tó kàn án?

Mímú àwọn sẹ́ẹ̀lì dọ́gba náà tún wà níbẹ̀. Olùṣọ́ kan máa ń sun àpọ̀jù sẹ́ẹ̀lì tó bá ga dànù bí ooru, díẹ̀díẹ̀ ni. Òmíràn a máa bu lára èyí tó kún sí èyí tó relẹ̀, ó sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún sẹ́ẹ̀lì tuntun tí wọ́n bá ara wọn dọ́gba, ti àkọ́kọ́ tó. Fún sẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀, ti kejì ni kí ẹ mú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń gbé inú ọkọ̀ onílé máa ń wá olùṣọ́ tí kì í jẹ́ kí bátìrì gba ṣáàjì nígbà tí òtútù bá ti mú kí omi di yìnyín, nítorí ó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Tiwa kọ́ nìyẹn. Ooru abẹ́ páànù ni tiwa, ẹ má gbé bátìrì síbẹ̀.

Bí ínfátà yín bá ní ihò tí olùṣọ́ lè gbà bá a sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń kọ CAN tàbí RS485 sí, ẹ rí i dájú pé àwọn méjèèjì gbọ́ èdè ara wọn. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ, oníṣẹ́ iná ní láti fi ọwọ́ tẹ ìwọ̀n ṣáàjì lítíọ̀mù sí ínfátà, kí ó má fi ti bátìrì olómi sílẹ̀.

Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún bátìrì yóò mú ìwé wá láti ọwọ́ ẹni tí ń tà á, pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀: iye sẹ́ẹ̀lì, ámípíà tí olùṣọ́ lè gbé títí, wáàtì ínfátà, àti iye oṣù tí yóò fi dúró lẹ́yìn ọjà rẹ̀. Àwọn tó ti rà tẹ́lẹ̀ lè ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ ìsanwó, kí á jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.