Káńpù Gáàsì fún Abà àti Ọjà Òkèèrè: Èwo Ni Ká Rà?

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ bá àwọn ra sítóòfù gáàsì kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní káńpù gáàsì, kí àwọn sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àgbẹ̀ oníkòkó wà nínú wọn, tí ń sun abà fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà ìkórè. Oníṣòwò wà nínú wọn, tí ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti obì láti Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n lọ sí òkèèrè, tí ilẹ̀ sì ń mọ́ bá lọ́jà. Ká má sì gbàgbé àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń lọ gbafẹ́ ní Ìkọgòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Kẹrosíìnì ti wọ́n, igi tútù kì í sì í tètè ràn nígbà òjò. A ò lè bá wọn wí.

Ìgbìmọ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó àfiṣòfò, ó yẹ ká jọ mọ ohun tí à ń rà. Ọ̀kan nínú wa ti ra tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó pọ́n, ó ń dán, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní alẹ́ kejì tó gbé e dé abà, òórùn gáàsì ló jí i lójú oorun. Orí ló kó o yọ tí kò ṣáná. Nígbà tí a fi ọbẹ ha ọ̀dà pupa náà, a rí i pé irin abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún. Wọ́n kàn fi ọ̀dà bo àṣírí ni.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni èyí: sílíńdà ni à ń rà, kì í ṣe iná orí rẹ̀. Bọ́nà tó bàjẹ́ ṣe é pààrọ̀. Sílíńdà tó ti jẹrà kò ní àtúnṣe.

ORÍṢI MÉJÌ LÓ WÀ

Èkínní ni sílíńdà kékeré tí bọ́nà jókòó lé lórí. Oníkílò 3 wà, oníkílò 5 àti 6 náà wà. Bí gáàsì rẹ̀ bá tán, a ó gbé e lọ rọ òmíràn. Èkejì ni sítóòfù pẹlẹbẹ tí ń lo agolo gáàsì tó dà bí agolo oògùn ẹ̀fọn. Gáàsì inú agolo bẹ́ẹ̀ máa ń tó bíi 220 gíráàmù. Bó bá ti tán, ó parí nìyẹn. A kì í tún un rọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò oníṣòwò. Bọ́nà kékeré tí a ṣí tán lè jẹ gáàsì tó 200 gíráàmù ní wákàtí kan. Ẹni tó bá dáná wákàtí 2 lójúmọ́ fún ọjọ́ 3, wákàtí 6 nìyẹn. Yóò jẹ 1,200 gíráàmù, ìyẹn kílò kan lé díẹ̀. Bí agolo ló ń lò, agolo 6 ni yóò rù lọ. Bó bá sì gbàgbé ọ̀kan sílé, ta ló ń ta agolo gáàsì ní abà? Ṣùgbọ́n sílíńdà oníkílò 3 tó kún yóò jó tó wákàtí 15. Yóò lọ abà ní ẹ̀ẹ̀mejì, gáàsì á sì tún ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Agolo dára fún ẹni tó ń sùn níta lóru ọjọ́ kan péré, tó kàn fẹ́ se tíì àti ẹyin. Oníkílò 3 tó fún ẹni kan tàbí méjì. Ẹni tó ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko, tó ń gbé ìkòkò ńlá kaná, kó ra oníkílò 6 tí ìdí rẹ̀ fẹ̀. Ìkòkò ńlá lórí sílíńdà kékeré, ìṣubú ló ń wá.

OHUN TÍ A Ó WÒ KÍ Á TÓ SANWÓ

1. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni irin ti ń kọ́kọ́ dógùn-ún. Èyí tó bá tẹ̀ wọnú, tàbí tí ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ bá sán, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

2. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Ó yẹ kí ọdún tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀, àti ìwọ̀n òfìfo rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ń fi pa mọ́.

3. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi pa ojú fáàfù àti ìdí bọ́nà nígbà tí gáàsì bá wà nínú rẹ̀. Bí ìfófòó bá ń wú, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná dán an wò láé.

4. Ẹ tàn án. Iná tó dára máa ń jó ní àwọ̀ búlúù. Èyí tó bá pọ́n, tó sì ń mú ìdí ìkòkò dúdú, bọ́nà rẹ̀ ti dí tàbí kò rí afẹ́fẹ́ tó.

Níbi tí a ti ń rọ gáàsì, ẹ̀yin oníkòkó, ẹ ti mọ ọgbọ́n òṣùwọ̀n. Ẹ gbé òfìfo lé e kí wọ́n tó rọ ọ́. Bí òfìfo bá jẹ́ kílò 4, tí ẹ sanwó kílò 3, kílò 7 ló gbọ́dọ̀ kà. Ṣùgbọ́n ẹ má bèèrè ènì o. Omi ni gáàsì inú sílíńdà, ooru a sì máa mú un wú. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ẹ̀mí wa ló ń ṣọ́.

Ìwé tí ń bá sítóòfù ìlú òyìnbó wá a máa ṣe ìkìlọ̀ nípa òtútù. Ìyẹn kò kàn wá, ọyẹ́ orí òkè Ẹ̀fọ̀n kò tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ni ọ̀tá tiwa. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí a tì pa.

BÍ A BÁ DÉ ABÀ

Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń rá pálá lọ, á sì máa sá pamọ́ sínú kòtò. Òórùn tí ẹ ń gbọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kó lè kìlọ̀ fún wa. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ pa fáàfù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ gbá ewé kòkó gbígbẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé sílíńdà dúró gangan, ẹ má dùbúlẹ̀ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ iná lẹ́nu, ẹ fi páànù dí ẹ̀gbẹ́ kan péré. Ẹni tó bá fi páànù yí i ká, sílíńdà ló ń yan lórí iná. Bí òjò ti wù kó pọ̀ tó, ẹ má dáná gáàsì nínú abà tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ má sì fi í yáná sùn. Èéfín olóró kan wà tí a kì í rí, tí a kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tó bá pa lójú oorun kì í mọ̀ pé òun ń kú.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù tó fẹ́ káńpù gáàsì wá sọ iye òru tó ń sùn níta àti iye ènìyàn tó ń se oúnjẹ fún. Ìyẹn la ó fi mọ èyí tí a ó rà fún un. Sílíńdà tí a bá rà, gbangba ìpàdé la ó ti fi ọṣẹ àti òṣùwọ̀n dán an wò, lójú gbogbo yín. Owó wa ni, ẹ̀mí wa náà sì ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Akọ̀wé, fún Ìgbìmọ̀