ṢÉ DANDAN NI KÍ A DÉ JERÚSÁLẸ́MÙ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò rọrùn fún wa láti kọ, nítorí pé àṣìṣe tiwa gan-an wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará tún ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ wa pé, “Ìgbà wo ni a tún ń lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́?”, a rí i pé kò yẹ kí a dákẹ́.

Ní ọdún 2019, Olúwa ràn wá lọ́wọ́, a bá àwọn onígbàgbọ́ kan rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Afinimọ̀nà wa mọ ilẹ̀ náà bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Òun ni ó kó wa káàkiri nínú bọ́ọ̀sì, láti Gálílì títí dé Òkun Òkú. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a padà dé, ilé ìsìn kún fọ́fọ́. Wọ́n ní kí a wá jẹ́rìí. A gbé ìgò omi Jọ́dánì sókè, a ní ibi tí Jòhánù ti ri Olúwa wa bọmi gan-an ni a ti bù ú. A tún sọ̀rọ̀ nípa ògiri Jerúsálẹ́mù tí àwọn ènìyàn máa ń fi ìwé àdúrà há. A ní àdúrà tí a bá gbà níbẹ̀ kì í pẹ́ dé ọ̀run. Ìjọ pariwo Halelúyà, ìlù sì dún.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn èyí, tí arábìnrin kan wá bá wa nílé ní alẹ́. Ó ti fún wa láyè láti sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ rẹ̀. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni ó ń tà ní Ọjà Tuntun, níhìn-ín ní Ìlọrin. Ó ní ọmọkùnrin kan tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra, inú èrè èlùbọ́ yìí sì ni owó oògùn àti owó ilé ìwòsàn ti ń jáde. Ó kúnlẹ̀, ó ní:

“Bàbá wa, mo ti rí ẹni tí yóò ra ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo bá fi owó àjọ mi kún un, yóò gbé mi dé Jerúsálẹ́mù. Ẹ̀yin náà ni ẹ sọ pé àdúrà ibẹ̀ kì í pẹ́. Mo fẹ́ lọ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nídìí ògiri yẹn.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, “Ìwé àdúrà tí mo fi rán yín ńkọ́, Bàbá? Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

Ara wa bù máṣọ. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù náà, kí ó padà wá ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó lọ tán, a mú ìwé tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà sílẹ̀ jáde, a jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ohun tí ọkùnrin náà sọ fún wa àti ohun tí a sọ fún ìjọ kò bára mu.

OHUN TÍ ILẸ̀ JẸ́RÌÍ SÍ

Ẹ má ṣe rò pé asán ni ìrìn-àjò náà. Ohun tí a rí tí ó fún ìgbàgbọ́ wa lókun pọ̀. Ní Kesaríà létí òkun, ní ọdún 1961, àwọn awalẹ̀pìtàn láti ilẹ̀ Ítálì ń wa ilẹ̀ ilé ìwòran àtijọ́ kan, wọ́n bá òkúta kan tí àwọn ará ìgbàanì ti sọ di àtẹ̀gùn. Wọ́n yí i padà, wọ́n rí orúkọ Pọ́ńtíù Pílátù tí wọ́n fín sí i lára, àní gómìnà tí ó dá Olúwa wa lẹ́bi. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Jerúsálẹ́mù ni òkúta náà gan-an wà. Àwòṣe rẹ̀ ni ó wà ní Kesaríà.

Ní Jerúsálẹ́mù, a wọ ihò omi tí a ń pè ní ti Ọba Hesekáyà. A tan tọ́ọ̀ṣì, omi tutù ń wọ́ lẹ́sẹ̀ wa, a sì rin inú àpáta náà fún mítà 533. Ẹ ka 2 Àwọn Ọba 20:20 àti 2 Kíróníkà 32:30. Ní ọdún 1880 ni wọ́n rí àkọsílẹ̀ kan lára ògiri ihò náà, tí ó sọ bí àwọn tí ń gbẹ́ ẹ láti ìhà méjèèjì ṣe gbúròó ara wọn tí wọ́n sì pàdé láàárín. Ìlú Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì ni àkọsílẹ̀ náà wà lónìí. Nítòsí ibi tí omi náà ti jáde, ní ọdún 2004, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún páìpù omi ìdọ̀tí ṣe kan àtẹ̀gùn òkúta nínú ilẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn wá wà á, wọ́n sì rí i pé adágún Sílóámù ti ìgbà ayé Olúwa wa ni, níbi tí ó rán afọ́jú nì lọ wẹ̀ (Jòhánù 9). Ẹ wo bí ó ti jẹ́ pé nítorí páìpù ìdọ̀tí ni wọ́n ṣe rí i!

Ẹ̀yin ọmọdé náà, ẹ gbọ́: àwọn darandaran ni ó kọ́kọ́ rí àwọn ìwé ayé àtijọ́ tí ó wà nínú ihò àpáta ní Kúmúránì létí Òkun Òkú, ní nǹkan bí ọdún 1947. Ìwé wòlíì Aísáyà wà nínú wọn, ó gùn ju mítà 7 lọ, orí 66 rẹ̀ ló pé. Wọ́n ti kọ ọ́ ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó bí Jésù.

OHUN TÍ A KÒ LÈ FỌWỌ́ SỌ̀YÀ FÚN

Ṣùgbọ́n afinimọ̀nà yẹn kan náà sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn fún wa. Ibi tí a ti bu omi Jọ́dánì kò jìnnà sí ibi tí odò náà ti ń kúrò nínú Òkun Gálílì. Ọdún 1981 ni wọ́n tún ibẹ̀ ṣe fún àwọn àlejò tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ibi tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń tọ́ka sí láti ayé àtijọ́ jìnnà sí i púpọ̀ ní ìhà gúúsù, nítòsí Jẹ́ríkò, Jòhánù 1:28 sì sọ pé ní òdìkejì odò ni Jòhánù ti ń ṣe ìrìbọmi. Omi Jọ́dánì ni omi inú ìgò wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n “ibẹ̀ gan-an” tí a sọ fún ìjọ, àfikún tiwa ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ ojú omi kan. Ní ọdún 1986, ọ̀dá mú kí Òkun Gálílì fà sẹ́yìn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan sì rí ọkọ̀ onígi nínú ẹrẹ̀. Ó gùn ju mítà 8 lọ, àwọn onímọ̀ sì ní nǹkan bí ìgbà ayé Olúwa wa ni wọ́n kàn án. Kí a tó mọ̀, àwọn kan nínú wa ti ń pè é ní ọkọ̀ Pétérù. Afinimọ̀nà mi orí, ó ní irú èyí tí Pétérù wọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó ni ín.

Ibojì Olúwa wa ńkọ́? Ibi méjì ni wọ́n fi hàn wá. Ọ̀kan wà nínú ọgbà kan tí ó parọ́rọ́, tí Ọ̀gágun Charles Gordon, ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ di olókìkí láti ọdún 1883. Àwa onígbàgbọ́ alágbára Ẹ̀mí fẹ́ràn ibẹ̀. A kọrin níbẹ̀, a sì sunkún. Ṣùgbọ́n àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó yẹ ibojì náà wò sọ pé wọ́n ti gbẹ́ ẹ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú Jésù, bẹ́ẹ̀ Jòhánù 19:41 sọ pé ibojì tuntun ni. Èkejì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ọdún 335, lẹ́yìn tí Ọba Kọnsitatíìnì pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ọ. Èéfín tùràrí kún ibẹ̀, èrò sì ń tì wá síwá sẹ́yìn. Síbẹ̀ ẹ̀rí tirẹ̀ ni ó pẹ́ jù: nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2016, wọ́n yẹ ohun tí wọ́n fi lẹ òkúta rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ti ayé Kọnsitatíìnì ni. Èyí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń bọlá fún ibẹ̀. Kò tíì fi hàn pé níbẹ̀ gan-an ni a tẹ́ Olúwa sí. Ohun kan ṣoṣo ni ibojì méjèèjì fi jọra: kò sí òkú nínú èyíkéyìí nínú wọn.

ÀDÚRÀ TÍ A KÒ LÈ SIN

Ní ọjọ́ kejì, arábìnrin wa kò dá wá. Alhaja kan tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kángun sí tirẹ̀ ni ó sìn ín wá. Bí a ṣe ń gbé láàárín ara wa ní Ìlọrin nìyẹn. Alhaja kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní:

“Pásítọ̀, ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yín. Èmi ti dé Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sìn tiwa, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a ni Ọlọ́run ní kó wá. Kò ní ká fi ọmọ sílẹ̀ sínú ebi ká máa lọ. Mo sọ fún àbúrò mi yìí, kò gbọ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.”

Ojú tì wá. A ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, a ti ń wàásù tipẹ́, ó wá di Alhaja inú ọjà ni yóò rán wa létí pé Ọlọ́run kì í jẹ oúnjẹ ẹnu ọmọ aláìsàn.

A wá sọ òtítọ́ fún arábìnrin wa. A ní ògiri yẹn kì í ṣe ara tẹ́ńpìlì fúnra rẹ̀. Ògiri tí Ọba Hẹ́rọ́dù fi gbé ilẹ̀ àyíká tẹ́ńpìlì ró ni. A ní àwọn Júù ń bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀ gidigidi, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá débẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìwé àdúrà tí ènìyàn fi há ibẹ̀ kì í wà níbẹ̀ títí láé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń kó o, wọn a sì lọ sin ín sórí Òkè Ólífì.

Ó wò wá. “Ṣé wọ́n ti sin àdúrà ọmọ mi ni, Bàbá?”

A ní, “Ìwé ni wọ́n sin, arábìnrin. Àdúrà rẹ ti dé ibi tí ó ń lọ kí bírò tí o fi kọ ọ́ tó gbẹ.”

A ṣí Jòhánù 4:19-24 fún un. Obìnrin kan tí òun náà ru ẹrù ọkàn wá sí etí kànga béèrè lọ́wọ́ Olúwa pé òkè wo ni ó tọ́ kí a ti sìn, ti Samáríà ni tàbí ti Jerúsálẹ́mù. Olúwa kò rán an lọ sí ìkankan nínú méjèèjì. Ó fi hàn án pé ẹ̀mí àti òtítọ́ ni Baba ń wá nínú àwọn tí ń sìn ín. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run tí ń gbọ́ ní Jerúsálẹ́mù ń gbọ́ láàárín àpò èlùbọ́ ní Ọjà Tuntun.

Kò ta ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a dúró níwájú ìjọ, a sì tún ẹ̀rí wa jẹ́, ohun tí a mọ̀ àti ohun tí a fi kún un. Kò sí ìlù ní ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Àwọn alàgbà kan tilẹ̀ bínú pé a fẹ́ pa iná ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn, bàbá kan fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní owó ìfẹ̀yìntì òun lòun ti fẹ́ kó lé ìrìn-àjò náà láìsọ fún ìyàwó òun.

Ọmọ arábìnrin wa ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga girama báyìí. Ó ń lo oògùn rẹ̀, kì í pa ọjọ́ ilé ìwòsàn jẹ, a sì ń gbàdúrà fún ìwòsàn pípé. Àwọn òru kan ṣì wà tí ìrora kì í jẹ́ kí ilé sùn. Ìyá rẹ̀ a fóònù wa, a ó dìde lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà níbẹ̀, òun ni ó ń sanwó oògùn.

FÚN ẸNI TÍ Ó BÁ FẸ́ LỌ

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 2007 fún ìrìn-àjò àwọn Kristẹni sí Ilẹ̀ Mímọ́. Bí Olúwa bá pèsè, lọ, kí o sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n:

1. Má ṣe yáwó, má ṣe ta ohun tí ń bọ́ ilé, má ṣe fọwọ́ kan owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Kí ọkọ àti aya jọ fẹnu kò.

2. Wádìí bí ibẹ̀ ti rí. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ètò ìrìn-àjò ni ó ti yí padà.

3. Ka Bíbélì rẹ kí o tó gbéra. Ẹni tí kò bá mọ Hesekáyà nílé, ihò omi lásán ni yóò rí níbẹ̀.

4. Bí afinimọ̀nà bá fi ibì kan hàn ọ́, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Báwo ni a ṣe mọ̀?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe àìgbàgbọ́.

5. Bí o bá padà dé, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi J.P. kún orúkọ rẹ, òtítọ́ ni kí o mú bọ̀ wálé. Ẹni tí ń gbọ́ ẹ̀rí rẹ lè ti máa wá ẹni tí yóò ra ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àdúrà wa ni pé kí Olúwa dárí àsọdùn ahọ́n wa jì wá, kí ó fi ọwọ́ ìwòsàn rẹ̀ kan gbogbo ọmọ tí ń ṣàìsàn nínú ilé wa, kí ó sì mú gbogbo wa dé Jerúsálẹ́mù ti òkè, níbi tí a kò ti ní nílò afinimọ̀nà mọ́. Àmín.