Òdòdó Inú Ilé Tí Omi Ń Pa Ju Òùngbẹ Lọ

Ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí dá lórí òdòdó kékeré kan tí àwọn Òyìnbó fẹ́ràn láti máa gbìn sínú ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé. African violet ni wọ́n ń pè é. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ní irun wẹ́wẹ́ lára bí aṣọ àrán. Òdòdó rẹ̀ lè jẹ́ elésè àlùkò, funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀, kí ó má baà fi owó ra ohun tí yóò kú láàárín oṣù kan.

Áfíríkà gan-an ni ilé rẹ̀. Orí òkè Usambara ní Tanzania àti igbó kan ní Kenya ló ti ń hù, lábẹ́ òjìji igi ńlá, lára àpáta. Ní nǹkan bí 1892, òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì kan níbẹ̀, Walter von Saint Paul-Illaire, fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé. Ní 1893, Hermann Wendland sọ ọ́ ní Saintpaulia, ní orúkọ ìdílé náà. Lónìí, wọ́n ń tà á káàkiri ayé, ṣùgbọ́n igi gígé àti oko dídá ń run igbó tó ti wá, púpọ̀ nínú irú rẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parun.

Ẹni tó bá rántí òjìji àti àpáta yẹn ti mọ ìtọ́jú rẹ̀ tán.

Èkíní ni ìmọ́lẹ̀. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, àmọ́ oòrùn ọ̀sán gangan máa ń jó ewé rẹ̀. Ẹ gbé e sí fèrèsé tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Bí ewé bá ń dára tí òdòdó kò yọ, ó sábà máa ń jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kò tó.

Èkejì ni omi. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Omi àpọ̀jù máa ń mú kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà, òun ló sì ń pa á jùlọ. Ẹ fi ìka kan ojú iyẹ̀pẹ̀; bí ó bá ṣì tutù, ẹ má bomi sí i. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ gbé ìkòkò náà sínú àwo omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ó fi ìdí mu ún, kí ẹ sì da ìyókù nù. Omi tútù lórí ewé máa ń fi àbàwọ́n sí i lára.

Ẹ̀kẹta ni ooru. Ìwọ̀n 18 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá a lára mu jù. Nítorí náà, yàrá tí páànù rẹ̀ ń gbóná janjan lọ́sàn-án kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Ìkòkò kékeré tó ní ihò nídìí ló sì fẹ́. Nínú ìkòkò ńlá, omi á dúró sí i lára.

Ibi tí èrè wà nìyí: ewé kan ṣoṣo lè di igi méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi abẹ gé ewé tó dá ṣáṣá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ bí íǹṣì kan, ẹ rì í sínú iyẹ̀pẹ̀ fúyẹ́ tó rin díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó. Gbòǹgbò á yọ ní bí oṣù kan. Ọmọ ewé á yọjú ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n irú èyí tí òdòdó rẹ̀ nílà bí ìràwọ̀ kì í sábà jọ ìyá rẹ̀ bí a bá fi ewé gbìn ín, ẹ má ṣe ṣèlérí rẹ̀ fún oníbàárà.

Ẹ kíyè sí èyí o: láti ìgbà tí a bá ti gbin ewé títí yóò fi yọ òdòdó lè tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yáwó ń bèèrè ìdápadà lóṣooṣù, ewé kò sì mọ ọjọ́ ìpàdé. Ẹ kọ́kọ́ fi ìkòkò kan tàbí méjì dán an wò nílé, kí ẹ tó tọrọ owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀. Bí tiyín bá yọ òdòdó lẹ́ẹ̀mejì láìkú, ẹ ti mọ iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ó di oṣù tó ń bọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́