Ẹ́ríà Tó Fara Pamọ́ Sẹ́yìn Kọ́tìnì

Oṣù kẹfà ọdún 1996 ni Radio Kudirat bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn láti òkè òkun lórí shortwave. Orúkọ Kudirat Abíọ́lá, tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní 1995, ìjọba ológun ti kó Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ tó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó rí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá ta wáyà gbọọrọ sórí òrùlé nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kí àdúgbò lè mọ ohun tó ń gbọ́?

Lónìí, lánlọ́ọ̀dù la ń sá fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá kan ní Ọ̀wọ̀, tàbí àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí Ìdóàní tàbí Ìfọ́n, kò lè máa gun òrùlé onílé kiri. Bẹ́ẹ̀ sì ni dátà lè tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, kí ìròyìn má sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ẹ́ríà olóbìírípo tí a lè fi kọ́tìnì bò.

Ẹ ra wáyà kan tí àwọn oníná fi ń wáyà ilé, ìyẹn 2.5 mm, kí ó gùn tó mítà 3 àti díẹ̀. Ẹ so igi ọparun méjì ní àgbélébùú, kí ẹ sì na wáyà náà yí i ká kí ó di òbìírí tí ìbú rẹ̀ tó mítà 1. Kí orí rẹ̀ méjèèjì má kanra. Àárín wọn ni capacitor tó ṣeé yí máa wà, èyí tí a ń rí nínú rédíò àtijọ́ tó ti bàjẹ́. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe kì í sábà dá a nù. Ẹ fi òjé lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Òbìírí yìí ní nǹkan bí 4 µH. Bí capacitor náà bá lè dé 365 pF, yóò gbọ́ láti nǹkan bí 4 MHz títí dé 17 MHz. Fún 7255 kHz tí Voice of Nigeria ti ń lò tipẹ́, nǹkan bí 120 pF ló nílò.

Ẹ tún ṣe òbìírí kékeré kan, 20 cm ní ìbú, kí ẹ gbé e sínú ńlá náà ní ìsàlẹ̀, ní òdìkejì capacitor. Kò gbọdọ̀ fara kan ńlá. Wáyà tẹlifíṣàn ni ẹ ó fi so ó mọ́ rédíò. Bí rédíò yín kò bá ní ojú ihò ẹ́ríà, wáyà àárín ni kí ẹ so mọ́ ọ̀pá ẹ́ríà rẹ̀, kí ti ìta lọ sí ẹnu òdì bátìrì.

Ẹ kọ́kọ́ gbé rédíò sórí ibùdó tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá máa yí capacitor díẹ̀díẹ̀. Lójijì ni ariwo yóò wú. Ibẹ̀ gan-an ni. Ọwọ́ tó bá sún mọ́ ọn lè yí i kúrò, nítorí náà mo dámọ̀ràn ìdérí ìgò oníke tí a lẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀.

Ọ̀tá wa gan-an ni ṣájà fóònù, gílóòbù LED àti íńfátà aládùúgbò. (Jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour náà kò gbẹ́yìn.) Níbi tí òbìírí yìí ti wúlò jù nìyí. Etí rẹ̀ la fi ń gbọ́; ojú rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá kọ ojú yẹn sí ibi tí ariwo ti ń wá, yóò rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó ń ta padà láti ojú ọ̀run kò ní fi bẹ́ẹ̀ dínkù.

Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé, kí ó jìnnà díẹ̀ sí irin adènà olè, torí páànù àti irin inú kọnkéré máa ń dí ọ̀nà ohùn. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ wá 6 sí 10 MHz; lọ́sàn-án, ẹ gun òkè lọ sí 11 sí 17. Bí ààrá bá sì ti ń sán, ẹ yọ wáyà kúrò lára rédíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ni ẹ́ríà wà.